Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó ń lo oògùn tó ń dín fọ́sífétì kù: pẹ̀lú oúnjẹ ni

Sí Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Ẹlẹ́lùbọ́ ni mí ní ọjà Bódìjà, nílùú Ìbàdàn. Ọjọ́ tí ìwé ìròyìn yín bá jáde, fẹ́ńdọ̀ kì í kọjá ìsọ̀ mi láìdúró. Kódà bí mi ò bá tíì ta kọ́ńgò kan ṣoṣo, mo ti máa ń ya owó tiyín sọ́tọ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì fi ọdún méjì ní mọ́dà lé e. Òyìnbó mi kò dé ibi kan, àmọ́ Yorùbá tí ẹ ń kọ, láti ojú ewé kìíní títí dé ibi ìkéde ìsìnkú ni mo máa ń kà á. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ mi yìí kàn ṣe máa ń kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde, bó tilẹ̀ gùn díẹ̀.

Ọkọ mi, Bàbá Rónkẹ́, ọdún 31 ni wọ́n fi wa tírélà láti Ìbàdàn sí Kánò. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára wọn tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sùn lójú ọ̀nà, ibo ló ti máa ráyè lo oògùn déédéé? Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí ojú wọn ń wú láàárọ̀, tí wọn ò lè mí dáadáa mọ́ tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, àyẹ̀wò fi hàn pé kíndìnrín méjèèjì ti dẹnu kọlẹ̀. Láti oṣù Kẹta ọdún 2023 la ti wà lẹ́nu fífọ ẹ̀jẹ̀, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti lọ́jọ́ Ẹtì, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin nídìí ẹ̀rọ. Mi ò wá sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn lónìí. Oògùn kan ni mo bá wá, èyí tí wọ́n fi ń dín èròjà inú oúnjẹ kan tó ń jẹ́ fọ́sífétì kù, nítorí díẹ̀ ló kù kí n fi ọwọ́ ara mi pa ọkọ mi pẹ̀lú rẹ̀, tìfẹ́tìfẹ́.

Ara yíyún ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yún Bàbá Rónkẹ́. Ẹ̀fọn kọ́, ooru kọ́, kò sì sí èélá kankan lára wọn. Abẹ́ awọ ló ti ń wá. Wọ́n á fi èékánná họ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ. Nígbà tí èékánná ò tó mọ́, wọ́n mú òòyà onígi tí mo fi ń ya irun mi, wọ́n ń fi họ ẹ̀yìn. Mo máa ń gbọ́ ọ lójú oorun, kẹ̀rẹ̀ kẹ̀rẹ̀ kẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí eku ń jẹ igi àjà. Tó bá di àárọ̀, n ó bá ìlà ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín lórí aṣọ ibùsùn. Mo ra ọṣẹ dúdú, mo ra òrí, mo ra ìpara lóríṣiríṣi. Gbogbo rẹ̀ dà bí ìgbà tí a ń da omi sínú agbọ̀n.

Dókítà ló yẹ ẹ̀jẹ̀ wò tí wọ́n ní fọ́sífétì ti pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n ní ti ẹni tí ara rẹ̀ dá kì í sábà ju 1.5 mmol/L lọ, ti Bàbá Rónkẹ́ sì jẹ́ 2.3. Inú oúnjẹ ni fọ́sífétì wà: ẹran, ẹja, wàrà, ẹyin, ẹ̀wà. Ara nílò rẹ̀, àmọ́ èyí tó bá ṣẹ́ kù, kíndìnrín tó dá ṣáṣá á bá wa tọ̀ ọ́ dànù. Kíndìnrín tó ti kú kò lè tọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ náà ń fọ díẹ̀ kúrò, kò lè fọ ọ́ tán, torí pé ojoojúmọ́ là ń jẹun, ẹ̀ẹ̀mejì péré la sì ń lọ sídìí ẹ̀rọ lọ́sẹ̀. Tó bá wá gbára jọ lẹ́jẹ̀, ara á máa yúnni, ara á máa fa kálísíọ̀mù jáde látinú egungun títí egungun á fi di èyí tó ń dunni tó sì tètè ń kán, òun àti kálísíọ̀mù á sì máa dì mọ́ ara iṣan ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn, bí ohun funfun yẹn ṣe máa ń dì mọ́ ìdí kẹ́tùlù tó ti pẹ́ lórí iná. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń pa èèyàn jù, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí pé ibì kankan ń dunni.

Wọ́n wá kọ oògùn fún wa, calcium carbonate, oníhóró funfun. A dé ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba oògùn. Èrò tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ ò lè fi abẹ́rẹ́ gún àárín wọn. Ọmọdébìnrin tó wà níbẹ̀ kọ “1 x 3” sára ọ̀rá kékeré, ó ní, “Mọ́mì, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́,” ó sì pe ẹni tó kàn. N kò bá a wíjọ́. Ó ti wà lórí ìdúró láti àárọ̀, mo sì rí i bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ kan sinmi lórí èkejì.

Ọmọ mẹ́rin ni mo tọ́. Mo ti fún wọn ní oògùn ibà, ti ikọ́, ti aràn, ti inú rírun. Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́: aago mẹ́fà àárọ̀, aago méjì ọ̀sán, aago mẹ́wàá alẹ́. Rónkẹ́ bá mi ṣe é sórí fóònù, kó máa dún. Tó bá ti dún, n ó bu omi díẹ̀, torí wọ́n ti fún omi mímu Bàbá Rónkẹ́ ní ìwọ̀n, n ó sì dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi gbé e mì. Mi ò yẹ ọjọ́ kan. Ní gbogbo àkókò yẹn, aago mẹ́sàn-án ni Bàbá Rónkẹ́ máa ń mu ògì, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sì ni wọ́n máa ń jẹ àmàlà wọn. Oògùn àti oúnjẹ kò fojú kan ara wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún oṣù méjì gbáko.

Ara yíyún ò dáwọ́ dúró. Egungun ẹ̀yìn àti ti ìgbáròkó wá ń dùn wọ́n. Èmi náà wá ronú ohun tí ọ̀pọ̀ ìyàwó máa rò. Mo ní ṣebí kálísíọ̀mù ni wọ́n ń lò fún egungun? Mo lọ sí kẹ́mísì tó wà ládùúgbò wa, mo ra ọ̀kan tó tóbi, èyí tí wọ́n po fítámìnì D mọ́, tí wọ́n ń tà fún àwọn àgbàlagbà. Mo ń fún wọn ní ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan lálẹ́. Mi ò sọ fún dókítà, torí mi ò kà á sí oògùn. Fítámìnì ni mo pè é.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọn ò jẹun mọ́. Èébì ń gbé wọn. Ọjọ́ mẹ́fà, wọn ò yàgbẹ́. Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n kọjá bó ṣe yẹ. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, mo gbé àwo sílẹ̀ níwájú wọn, wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, “Ìyá mi, ṣé bàbá ti dé láti oko?” Ìyá wọn ti kú láti ọdún 1998. Mo gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lóru náà pẹ̀lú táksì tí kò níná iwájú.

Nígbà tí èsì àyẹ̀wò jáde, fọ́sífétì ti di 2.4. Gbogbo oògùn tí mo fi ń bá aago sáré, kò mú ẹyọ kan kúrò níbẹ̀. Kálísíọ̀mù tó yẹ kó wà láàárín 2.1 sí 2.6 ti gun orí 3.0. Dókítà béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi: “Ìyá, ìgbà wo lẹ máa ń fún wọn ní oògùn yìí?” Pẹ̀lú ìgbéraga ni mo dáhùn. Mo ní mẹ́fà, méjì, mẹ́wàá, pé mi ò fìgbà kan gbàgbé. Dókítà rọra gbé bíírò sílẹ̀ lórí tábìlì. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n ní kí n pe nọ́ọ̀sì tó wà nídìí ẹ̀rọ, kó wá ṣàlàyé fún mi ní Yorùbá.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni nọ́ọ̀sì náà, kò ju ẹgbẹ́ Rónkẹ́ mi lọ. Ó fa àga, ó jókòó tì mí. Ó ní, “Mọ́mì, oògùn yìí kì í wọnú ẹ̀jẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Inú ikùn ló ti ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀. Tó bá bá oúnjẹ níbẹ̀, á di fọ́sífétì inú oúnjẹ mú, wọ́n á sì jọ bá ìgbẹ́ jáde. Tó bá débẹ̀ tí kò bá oúnjẹ, kí ló fẹ́ dì mú? Kálísíọ̀mù inú rẹ̀ á kàn máa wọnú ẹ̀jẹ̀ ni, ohun tó sì ṣe bàbá nìyẹn, pẹ̀lú èyí tẹ́ ẹ rà kún un.” Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì hàn mí, ó ní ọwọ́ kan oúnjẹ, ọwọ́ kan oògùn, ó sì fi ìka wọnú ìka.

Olóòtú, ó yé mi lójú ẹsẹ̀, torí iṣẹ́ mi ni. Tí mo bá fẹ́ da ẹ̀lùbọ́ sínú abọ́, asẹ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń gbé lé abọ́ lórí. Ìgbà tí ẹ̀lùbọ́ bá ń gbabẹ̀ kọjá ni asẹ́ ń mú kóró àti èèpo tó wà níbẹ̀. Ta ló ń gbé asẹ́ wá nígbà tí ẹ̀lùbọ́ ti bọ́ sínú omi gbígbóná, tí wọ́n ti ń fi orógùn rò ó? Ta ló sì ń jọ abọ́ òfìfo? Ohun tí mo ṣe fún oṣù méjì nìyẹn. Abọ́ òfìfo ni mo ń jọ.

Wọ́n dá calcium carbonate náà dúró, wọ́n dá fítámìnì tí mo rà dúró, wọ́n sì dá oògùn fítámìnì D kékeré tí dókítà fúnra wọn ti ń kọ fún wa dúró fún ìgbà díẹ̀, torí òun náà máa ń mú kálísíọ̀mù gòkè. Ó tó ọjọ́ mẹ́jọ kí Bàbá Rónkẹ́ tó tún máa pe orúkọ mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé wa sórí èyí tó ń jẹ́ sevelamer, oníhóró mílígíráàmù 800, tí kò ní kálísíọ̀mù nínú. Owó rẹ̀ ga ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì.

Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo fẹ́ ṣàṣìṣe rèé. Hóró sevelamer tóbi, ọ̀nà ọ̀fun Bàbá Rónkẹ́ sì máa ń há. Mo ní kí n lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, kí n wọ́n ọn sínú gbẹ̀gìrì. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti kọ́gbọ́n, mo kọ́kọ́ fi fóònù pe nọ́ọ̀sì wa. Ariwo ló fi dáhùn. Ó ní sevelamer máa ń wú tó bá ti kan omi. Odindi ni wọ́n ń gbé e mì, wọn kì í rún un, wọn kì í lọ̀ ọ́, wọn kì í gé e. Ó ní kí n mú ẹyọ kan kí n fi sínú ife omi kí n wò ó. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lójú Bàbá Rónkẹ́. Kó tó di pé mo fọ abọ́ méjì tán, hóró náà ti wú, ó ti rọ̀ bí gààrí tí wọ́n gbàgbé sínú omi. Mo ronú ohun tí ìyẹn ìbá ṣe lọ́nà ọ̀fun. Ó ní ẹni tí kò bá lè gbé e mì, kó sọ fún dókítà, nítorí oníyẹ̀fun rẹ̀ wà tí wọ́n ń pò mọ́ omi, èyí tí wọ́n ṣe fún bẹ́ẹ̀.

Oògùn míì tún wà nínú ìdílé kan náà tó jẹ́ òdìkejì pátápátá. Bàbá kan wà tí a jọ máa ń pàdé lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wa ni tiwọn. Ọmọ wọn ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ló ń fi lanthanum ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn náà ń gbé e mì lódindi, bí wọ́n ṣe rí Bàbá Rónkẹ́ tí wọ́n ń gbé tiwọn mì. Lanthanum rèé, rírún ni wọ́n ń rún un lẹ́nu títí á fi kúnná, kó tó kọjá sísàlẹ̀. Tí wọ́n bá gbé e mì lódindi, kì í ṣiṣẹ́ dáadáa, ó sì lè di ìṣòro nínú ìfun. Ẹ ò rí i báyìí? Oògùn méjì, iṣẹ́ kan náà, ọ̀kan má rún un, ọ̀kan rún un kúnná. Ẹni tó ń wo ti aládùúgbò rẹ̀ lò, tàbí tó ń yá oògùn lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ wà nídìí ẹ̀rọ, ibẹ̀ ló ti ń kó sí wàhálà. Mo mọ̀ pé a máa ń yá ara wa ní oògùn níbẹ̀ nígbà tówó bá wọ́n. Ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè.

Nínú ilé wa báyìí, aago ò dún mọ́ fún oògùn yìí. Mo fi ọ̀rá sevelamer sínú agolo mílíìkì tó ti ṣófo, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò iyọ̀. Bí mo bá ti bu oúnjẹ, oògùn á bá oúnjẹ lọ lórí àwo kan náà. Bàbá Rónkẹ́ á jẹ òkèlè méjì mẹ́ta, wọ́n á gbé oògùn mì, wọ́n á máa bá oúnjẹ lọ. Dókítà ní oúnjẹ tó bá lẹ́ran tàbí lẹ́ja jù ni kí oògùn pọ̀ sí. Nítorí náà, ìdí àmàlà ìrọ̀lẹ́ ni èyí tó pọ̀ jù wà. Tiwọn nìyẹn o, bí dókítà ṣe wọ̀n ọ́n fún wọn. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìwọ̀n ọkọ mi ṣe tiẹ̀. Ọjọ́ tí wọn ò bá lè jẹun, oògùn náà ń sinmi. Bí wọ́n bá jẹun tán tí a gbàgbé, tí ó ti tó wákàtí kan tàbí méjì, oúnjẹ yẹn ti lọ nìyẹn. A kì í fi méjì lé ara wọn nígbà tí oúnjẹ míì bá dé, láti fi dí ti àná.

Òde ìnáwó ló le jù. Èwo ni kéèyàn lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ ẹni, kí wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹran ńlá síwájú ẹni, kí oògùn wà nílé? Mo rán àpò kékeré kan sínú agbádá Bàbá Rónkẹ́, lápá òsì. Hóró méjì máa ń wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, nínú ọ̀rá. Ohun mímu dúdú ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ń pín lóde, wọ́n ti jáwọ́ níbẹ̀ pátápátá, torí fọ́sífétì wà nínú èròjà tí wọ́n fi ṣe é, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú ohun mímu àti ẹran alágolo sì ni ara ń gbà wọlé jù. Ti ẹ̀wà kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú tiẹ̀ ni ara kì í lè gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀wà ní èròjà míì tí dókítà tún ń ṣọ́. Panla, edé àti ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ tí a ń jẹ teegunteegun, mo ti dín in kù nínú ìkòkò. Bàbá Rónkẹ́ bínú fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí ẹ̀fọ́ tí kò léde. Mo fara dà á.

Ohun kan tún wà tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má yọ kúrò nínú lẹ́tà yìí. Lọ́dún tó kọjá, egbò kan wà lẹ́sẹ̀ Bàbá Rónkẹ́, dókítà sì kọ ciprofloxacin. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, òun ni gbogbo kẹ́mísì ń tà fún tàìfọ́ọ̀dù. Apoògùn tó fún wa lọ́jọ́ náà ṣe bí èèyàn gidi, kí Ọlọ́run bù kún un. Ó wo ìwé wa, ó rí sevelamer níbẹ̀, ó ní, “Ẹ ò gbọ́dọ̀ lo àwọn méjèèjì pọ̀ o.” Ó ní bí oògùn yìí ṣe ń di fọ́sífétì mú, bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń di àwọn oògùn míì mú nínú ikùn, tí á sì gbé wọn jáde láìjẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́. Ciprofloxacin tí wọ́n bá lò pọ̀ pẹ̀lú sevelamer, bí ìdajì rẹ̀ ló ń ṣòfò. Ó ní kí ciprofloxacin fi wákàtí méjì ṣáájú sevelamer, tàbí kó tó wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Calcium carbonate náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí i, ó sì máa ń ṣe é sí doxycycline, sí oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin, àti sí levothyroxine tí àwọn tó ní àìsàn gẹ̀gẹ̀ ń lò. Ẹ wo iye èèyàn tí wọ́n á máa sọ pé oògùn ò ràn án, tí wọ́n á ní ọ̀tá ilé ló wà nídìí ẹ̀, tó jẹ́ pé oògùn méjì ló ń bá ara wọn jà nínú ikùn rẹ̀! Rónkẹ́ ya àkókò náà sórí páálí fún mi, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná: oòrùn tó ń yọ fún ciprofloxacin, ṣíbí fún sevelamer.

Inú máa ń há Bàbá Rónkẹ́ nítorí sevelamer. Ìyẹn náà jẹ́ ohun tí oògùn ọ̀hún máa ń ṣe. Àwọn alájọṣe ń mú àbá wá: ẹnì kan ní àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, ẹnì kan ní oògùn inú ríro olómi funfun, ẹnì kan ní ká fi oògùn fa ìdí wọn. Nọ́ọ̀sì ní kí n má gba ọ̀kankan nínú wọn. Àgbo, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà níbẹ̀, kíndìnrín ò sì sí mọ́ tó máa tọ̀ ọ́ dànù. Èyí olómi funfun sábà máa ń ní alumíníọ̀mù tàbí magnísíọ̀mù nínú, tí kò ní rí ọ̀nà jáde lára wọn. Alumíníọ̀mù yẹn, wọ́n máa ń fi dín fọ́sífétì kù láyé àtijọ́, títí wọ́n fi rí i pé ó ń ba ọpọlọ àti egungun jẹ́ tó bá pẹ́ lára. Òmíràn nínú oògùn tí wọ́n ń fà sí ìdí, fọ́sífétì gangan ni wọ́n fi ṣe é. Ó bá mi lẹ́rù nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn. Àwa ń náwó lé fọ́sífétì jáde lẹ́nu ọ̀nà, a tún fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé mú un wọlé. Dókítà kọ oògùn míì tó bá wọn mu fún inú híhá náà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n tún kìlọ̀ fún wa pé tí inú bá ń ro wọ́n gidi, tí ikùn wú, tí wọ́n ń bì, tí wọn ò sì yàgbẹ́ rárá, ká má dúró de ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ká máa bọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde lóṣù Kẹjọ ọdún 2025 pé owó fífọ ẹ̀jẹ̀ máa wálẹ̀ láti 50,000 náírà sí 12,000 náírà láwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan, mo kúnlẹ̀ sínú ìsọ̀ mi, mo dúpẹ́. Àpò wa la fi ń ra sevelamer ní tiwa. Ẹ̀lùbọ́ ni mo ń tà sí i. Bí ìjọba bá lè fojú àánú wo oògùn yìí náà, Ọlọ́run á san án fún wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń tọrọ gan-an kò gba owó. Mo ń bẹ gbogbo ẹni tó ń fún aláìsàn kíndìnrín ní oògùn yìí, yálà nílé ìwòsàn ńlá tàbí ní kẹ́mísì orí títì: ẹ kọ “pẹ̀lú oúnjẹ” sára ọ̀rá yẹn ní Yorùbá. Ọ̀rọ̀ méjì ni. Ẹ fi kún “1 x 3” tí ẹ ń kọ. Tí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń rún, ẹ kọ “ẹ rún un.” Tí ó bá jẹ́ èyí tí wọn kì í rún, ẹ kọ ọ́. Kí ẹ sì bi ìyàwó tàbí ọmọ tó bá a wá pé, “Aago mélòó ni wọ́n ń jẹun nílé yín?” Ìbéèrè yẹn nìkan ìbá ti gbà mí lọ́wọ́ oṣù méjì tí mo fi ń jọ abọ́ òfìfo.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń tọ́jú ẹni báyìí nílé, ẹ kó gbogbo oògùn tó wà nílé sínú báàgì kan, pẹ̀lú fítámìnì, pẹ̀lú àgbo, pẹ̀lú èyí tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, kí ẹ gbé e lọ fún dókítà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tún lọ. Mo tijú nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é. Ohun mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Dókítà yọ mẹ́rin kúrò.

Ní ọ̀sẹ̀ tó lọ, fọ́sífétì Bàbá Rónkẹ́ jẹ́ 1.7, kálísíọ̀mù sì ti padà sí ibi tó yẹ kó wà. Ara ṣì máa ń yún wọn nígbà míì, kò dà bíi ti tẹ́lẹ̀. Òòyà mi ti padà sórí dígí. Olóòtú, tí ẹ bá máa tẹ lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àkọlé rẹ̀ fẹ̀ dáadáa. Mo fẹ́ gé e, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ti gba àyè lọ́wọ́ ọmọdébìnrin náà, ó sì ti ní òun ní gọ́ọ̀mù.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Rónkẹ́ Ẹlẹ́lùbọ́,
Ọjà Bódìjà, Ìbàdàn.